Orin Kẹrin Nínú Àwo Yésenia

Ṣé ọmọ máa ń gbàgbé ohùn ìyá ẹ̀? Àyìnlá ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀yìn sí mi lórí fídíò fóònù báyìí. Mo ń pè é, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ — ó yí padà, ó lọ gbé etí lé sípíkà tí mo rà ránṣẹ́.

"Mọ́mì."

Sípíkà ni Àyìnlá ń pè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èmi.

Màámi ń rẹ́rìn-ín ní Ìwó: "Orin àwọn òyìnbó ẹ yẹn ni o! Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yẹn ṣáá ló ń fẹ́. Tí mo bá pa á pẹ́nrẹ́n, ẹkún dé." Etí Màámi ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ijó ọmọ nìkan ló ń rí.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Yésenia, ọmọ Kòlóńbíà tí mo ń tọ́jú ilé fún tẹ́lẹ̀ ní Al Mamzar, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí — àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, èdè Sípáníìṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìlù tó ń mi ìdí ẹni láìgbàṣẹ. Ó padà sílùú ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí mi, èmi náà sì fi ránṣẹ́ sílé. Mo lè ka orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà. Ìtumọ̀ ńkọ́? Mi ò mọ̀. Mo kàn ní kí ijó mú ọmọ gbàgbé pé mi ò sí nílé. Ó sì ti gbàgbé. Ó ti gbàgbé tán…

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin yẹn, mo máa ń fò ó ni. Kí ló wà lọ́fun obìnrin yẹn tí ò sí lọ́fun mi? Èmi tí mo pọn ọmọ nu gbogbo gíláàsì ilé ẹ̀! Tí ọmọ bá ké, ẹnu yàrá tí Yésenia fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri ẹ̀, níbi tó ti ń gba orin sílẹ̀, ni mo ti máa ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ọjọ́ tó ṣílẹ̀kùn, mo ní iṣẹ́ ti bọ́. Kò bínú. Ó fìka lé ètè, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Mo rò pé kí AC lè fẹ́ sí wa ni.

Lẹ́yìn tó padà sílùú ẹ̀ — bedspace, ibùsùn kan ṣoṣo tí mo háyà nínú yàrá àjùmọ̀gbé, Abu Shagara. Wọn ò gba ọmọ níbí, mo bá fi Àyìnlá ránṣẹ́ sí Màámi.

Ganiat, ẹni tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wà lókè tèmi, ju earpiece sí mi kó tó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀: "Ìyá Àyìnlá, khalas, ó tó gẹ́ẹ́! Orin tí ò yé ẹ lo fẹ́ fi fọ́ wa létí? Gba tèmi."

Kò sẹ́ni nínú yàrá. Ó dáa, n ó gbọ́ ọ. N ó mọ ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ẹnìkan ń kùn. Kì í ṣe… dúró ná. Padà sẹ́yìn. Kí ìlù tó wọlé, lábẹ́ ohùn Yésenia, láti ọ̀ọ́kán, bí ìgbà téèyàn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn —

"Àyìnlá, ọkọ mi, má sunkún mọ́. Ìyá ẹ ò lọ ibì kankan."

Háà.

Mo tún dá a padà. Mo tún dá a padà… Ìyá ẹ ò lọ ibì kankan. Lóòótọ́, mi ò lọ. Ọmọ ni mo ní kó máa lọ.

Láti ọjọ́ tí àwo yẹn ti jáde ni ohùn mi ti wà nínú ẹ̀. Àyìnlá mọ̀. Èmi nìkan ni ò mọ̀.