Káàdì Rafelin Mejía

"Èyí ò wúlò fún mi," ni Craig wí, ó sì fi ìka kan ṣoṣo ti àpótí káàdì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni ń ti àwo ọbẹ̀ tó ti kan. "Ẹ bá mi dà á mọ́ àwọn olówó pọ́ọ́kú."

Marlys Hruska kò da nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ lé àpótí náà. Láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni ó ti ń wo ọkùnrin yìí, oníṣòwò káàdì láti St. Louis, bó ṣe ń ṣa ọjà inú ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò lára ẹ̀wà. Denny Voss tó ni ṣọ́ọ̀bù ti lé lọ́mọ ọdún márùndínláàádọ́rin, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Ó ti pinnu láti ta gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan àwọn àpótí gíláàsì tí wọ́n ń pàtẹ ọjà sí, kí ó lè jókòó sílé kó sinmi. Ọdún mọ́kànlá ni Marlys ti fi ń bá a ta káàdì bésíbọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà káàkiri ìlú Davenport.

"Ọ̀gá Denny," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ti Mejía yìí."

"Kí ló dé?"

"Yóò gbówó lórí."

Craig bú sẹ́rìn-ín. Kò ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, ó sì kọ ojú fìlà rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. "Màmá, ahánbọ́ọ̀lù ni ọmọ yìí. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ ahánbọ́ọ̀lù? Ìlóṣòó ni. Ẹ̀yìn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń lóṣòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, orúnkún rẹ̀ á ti máa han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ta ló fẹ́ fi owó gidi ra àlá tó lóṣòó sílẹ̀?"

"Mo mọ iṣẹ́ ahánbọ́ọ̀lù," ni Marlys dá a lóhùn. "Èmi ni mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń wọlé síbí."

Òótọ́ ni. Bí oníbàárà kan bá wọlé, tó ní kí ló dé tí káàdì ọmọ kan fi jẹ́ dọ́là méjì, tí ti ojúgbà rẹ̀ tí wọ́n jọ wọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà fi jẹ́ igba, Marlys ni Denny máa ń nawọ́ sí. Marlys á ní káàdì tó kọ́kọ́ gbé àwòrán ọmọ náà jáde ni gbogbo ènìyàn ń lé, nítorí a kì í bí àkọ́bí lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n tẹ̀ níwọ̀nba, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, borí èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde bí ìwé ìpolówó ọṣẹ. Bí ọmọ náà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú, tí igun káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì mú ṣáṣá, owó tún lé sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kan. Ẹni tó ń ra káàdì kò ra bébà. Ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ ló ń rà. Apá ajubọ́ọ̀lù lè bàjẹ́ lọ́la, orúnkún ahánbọ́ọ̀lù kò ní í pẹ́ kó tó kọṣẹ́, nítorí náà owó tiwọn kì í ga. Ọmọ ogún ọdún tó ń sáré, tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, tí ìlú ńlá sì ń dúró dè é, òun ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ti ara wọn síwá sẹ́yìn níwájú gíláàsì.

"Ṣùgbọ́n Rafelin Mejía kì í ṣe ahánbọ́ọ̀lù mọ́," ni Marlys wí.

Craig ti yọ fóònù rẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò sí níbì kankan nínú ìròyìn."

"Kò tíì dé inú ìròyìn. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Bí mo bá ti já àwọn ọmọ iléèwé sílẹ̀ tán, pápá etí odò, níbi tí ẹgbẹ́ Mejía ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílùú wa níbí, ni mo máa ń lọ jókòó sí kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún èrò. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ mọ̀ mí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta léra wọn ni kóòṣì ti ń mú un lọ sí pápá ẹ̀yìn lápá òsì, àwọn méjì péré, pẹ̀lú garawa bọ́ọ̀lù kan. Ọmọ náà ń sá bí ìgalà. Ìdí ògiri ló ti ń ju bọ́ọ̀lù délé, ibi tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń dúró sí, láìjẹ́ kó balẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pàápàá ti yí padà. Kì í ṣe èyí tó wú bí ìrọ̀rí mọ́, èyí gígùn ti àwọn ará pápá ẹ̀yìn ni. Ẹni tó sì ń gba ipò yẹn nínú ẹgbẹ́ àgbà tó ni ẹgbẹ́ kékeré wa yìí ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, ó ń tiro. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò."

"Kóòṣì lè kàn fẹ́ kí ọmọ náà na ẹsẹ̀," ni Denny wí.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta?"

"Màmá," ni Craig wí, "tó bá jẹ́ ohun tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì bá rí ni mo fi ń rajà, inú bọ́ọ̀sì ni èmi náà ì bá máa sùn."

Denny rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Craig kò dun Marlys, àlejò ni. Ti Denny ló wọ̀ ọ́ lára. Ọdún mọ́kànlá! Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo àpótí tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí òun gan-an kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá Denny, ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dọ́là tí ẹ fẹ́ fi dá mi lọ́lá tí a bá ti ilẹ̀kùn, ẹ má fún mi mọ́. Àpótí yìí ni kí ẹ fún mi."

"Orí rẹ pé báyìí, Marlys?"

"Ó pé."

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó igba dọ́là lónìí o. N kò ní í purọ́ fún ọ."

"Ọjọ́ òní kọ́ ni mò ń rà."

Craig gbọn orí. Ó ti àpótí náà sí i, tìyẹ̀yẹ́tìyẹ̀yẹ́. "Ẹ gbé e, Màmá. Ọlọ́run á bá yín ta á."

Ogójì káàdì ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà nínú wọn ni Mejía buwọ́ lù, wọ́gọwọ̀gọ bí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé.

Leland ọkọ rẹ̀ wà lórí àga rẹ̀ nígbà tó délé. Ó ti fẹ̀yìn tì kúrò níléeṣẹ́ katakata, ìbàdí ń dà á láàmú, ẹja pípa lórí odò Mississippi nìkan ló kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn. Owó yẹn ni wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀ńjìnnì fún ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Jẹ́ kó yé mi. O fi ẹ̀ńjìnnì mi ra bébà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bébà ọmọ kan tó ń lóṣòó."

"Kò lóṣòó mọ́, Leland."

"Èmi ni n óò wá máa lóṣòó sínú ọkọ̀, kí n máa fi ọwọ́ tukọ̀ bí ará àtijọ́." Fún ọjọ́ méjì gbáko, ológbò ilé nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Oṣù karùn-ún kọjá, oṣù kẹfà kọjá. Craig fi ọkọ̀ ẹrù kó ohun gbogbo lọ, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù òfìfo náà pé ó wà fún yíyá. Ní oṣù keje, ẹgbẹ́ náà kéde pé Mejía ti di ará pápá ẹ̀yìn. Owó káàdì rẹ̀ mì díẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ, iṣan ẹsẹ̀ bàbá atiro inú ẹgbẹ́ àgbà já. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú gbé Mejía lọ sí ìlú ńlá tó wà létí òkun ìlà-oòrùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni eré rẹ̀ àkọ́kọ́. Bev, àbúrò Marlys, gbé oúnjẹ wá láti wò ó pẹ̀lú wọn. Ìgbà mẹ́rin ni Mejía jáde láti gbá bọ́ọ̀lù, ìgbà mẹ́ta ló fi igi gbá afẹ́fẹ́ lásán, tó sì sorí kọ́ padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Bev wí, bó ti ń bu àgbàdo sáwo, "ṣé a lè fi káàdì yẹn dáná?"

Leland ló sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Fi í sílẹ̀, Bev. Ìwọ kò rí bọ́ọ̀lù kẹrin yẹn? Ẹ̀bá ògiri ni wọ́n ti hán an. Bí atẹ́gùn bá ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ ni, ó ti kọjá."

Marlys yíjú wo ọkọ rẹ̀. Leland ní kí wọ́n bá òun gbé iyọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀lù náà kọjá. Lọ́jọ́ kejì, méjì kọjá, ọ̀kan bọ́ sáàárín àwọn tó ń jẹun lókè lọ́hùn-ún. Láàárín eré mẹ́tàdínlógún, mẹ́jọ ni Mejía gbá kọjá ògiri. Ó tún dúró ní pápá ẹ̀yìn lápá òsì, ó ju bọ́ọ̀lù kan délé láìjẹ́ kó balẹ̀, wọ́n sì mú ẹni tó ń sáré bọ̀ wálé. Leland fò dìde tòun ti ìbàdí tó ń dùn ún, ó ń pariwo, "Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi ti wí! Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi ti wí nìyẹn!" Ológbò sá wọ abẹ́ àga.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fóònù dún.

"Màmá Marlys! Craig ni o. Ṣé àlàáfíà ni?" Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí bọ́tà. "Mo ní kí n béèrè bóyá àwọn káàdì mẹ́fà tó buwọ́ lù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín."

"Wọ́n wà."

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là. Lónìí."

Marlys jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ó ti mọ iye tí wọ́n ń tà á, ó sì mọ̀ pé kò rẹ́ òun jẹ púpọ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tó bá ti ń wa bọ́ọ̀sì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù òfìfo yẹn, ọkàn rẹ̀ kì í bá a kọjá.

"Níbo lo kó àwọn àpótí gíláàsì Denny sí?"

"Èwo? Ẹn... wọ́n wà nínú abà bàbá mi. N kò tíì rí ẹni tó máa rà wọ́n."

"O ti rí i báyìí. Wàá gbé gbogbo wọn padà wá sí Davenport, pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ, pẹ̀lú epo rẹ. Ọjà tó ṣẹ́kù nínú ti Denny tí o kò tíì tà, wàá kó o sínú wọn. Lẹ́yìn náà, wàá fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ dọ́là. Káàdì márùn-ún ni n óò sì fún ọ. Ẹyọ kan tó kù kì í ṣe títà."

Craig kò pè é ní Màmá mọ́. "Arábìnrin Hruska, ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, àbí?"

"Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí," ni Marlys wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ ẹrù náà dé. Leland, tó ti ra ẹ̀ńjìnnì rẹ̀, dúró lójú títì, ó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ júwe fún Craig ibi tí yóò gbé nǹkan sí, bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Gbogbo ìgbà òtútù ni tọkọtaya náà fi kun ògiri, tí wọ́n tún iná ṣe. Marlys buwọ́ lùwé pé òun yá ṣọ́ọ̀bù òfìfo náà fún ọdún mẹ́ta, ó kọ̀wé fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sára fèrèsé, Hruska, ní lẹ́tà pupa.

Ní oṣù kẹrin, ọ̀sẹ̀ tí eré tún bẹ̀rẹ̀ ní pápá etí odò, Denny Voss ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó yọ fìlà, ó wo gíláàsì tó mọ́ fo, ó wo orí àga gíga tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, kò sì débẹ̀. Iwájú, níbi tí àwọn oníbàárà máa ń dúró sí, ni ó dúró sí.

"Ó yẹ kí n ti gbọ́ tìrẹ," ni ó wí. "Iwájú mi lo ti sọ ọ́."

"Ó ti kọjá, ọ̀gá Denny."

"Má pè mí lọ́gàá mọ́." Ó fi ìka gbo etí gíláàsì. "Ó sú mi nílé, Marlys. Ta ni kí n máa wò lọ́dún yìí?"

Marlys wo aago, ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Agogo mẹ́ta ti kọjá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni.

"N kò tíì mọ̀," ni ó wí. "Ẹ dé fìlà yín padà, oòrùn mú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wò."