Ìpè Verlene

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Harlan Pruett sọ ọ́ kó tó wọ inú ọkọ̀ lọ sùn. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Dwight, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jókòó ti kúlà ọtí. Ó sọ ọ́ fún Kaylin, ọmọ Dwight, tó ń so àsíá yunifásítì mọ́ òpó àgọ́ tí wọ́n pa sí ibi ìgbọ́kọ̀sí pápá ìṣeré. Ó tún padà wá sọ ọ́ fún Dwight, nítorí ó mọ irú ẹni tí Dwight jẹ́.

"Aago mẹ́ta. Kó má kọjá aago mẹ́ta o. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí màá fi dá yín lóhùn."

"A ti gbọ́, Harlan. Lọ fi ọwọ́jà erin rẹ bọ imú, jàre."

Àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́ kejì rẹ́rìn-ín. Harlan kò rẹ́rìn-ín. Láti aago mẹ́rin ìdájí ló ti wà nídìí ààrò, tó ń fi èéfín se èjìká ẹlẹ́dẹ̀, bó ti ń ṣe ní gbogbo Sátidé tí ẹgbẹ́ yunifásítì bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ara wọn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni eré yóò bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, yóò sùn lórí ìjókòó. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ di ojú láìsí ẹ̀rọ tó ń gba inú ọ̀pá àti ìbòjú rọ́bà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú, ìbáà ṣe òru, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe ogún ìṣẹ́jú. Bí oorun bá ti gbé e, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á pa dé, èémí á dúró, á wá ta jí bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú odò.

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Verlene ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀. Verlene ló dùbúlẹ̀ tì í lóru ọjọ́ kan, tó ń ka iye ìgbà tí èémí rẹ̀ ń dúró, tó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì: ìgbà mọ́kànlélógójì ní wákàtí kan. Ó gbé ìwé náà lọ fún dókítà. Nígbà tí Harlan ní òun kò lè máa gbé ìbòjú onírọ́bà kiri láàárín àwọn ọkùnrin, Verlene dá a lóhùn pé kò burú, òun á ta àyè tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní pápá, kí wọ́n máa wo bọ́ọ̀lù nílé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe di ará pápá. Wáyà gígùn kan á ti ìdí jẹnẹrétọ̀ Dwight wọ ojú fèrèsé ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú.

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀, bọ́ọ̀sì á já àwọn agbábọ́ọ̀lù sí orí òkè, wọn á sì fẹsẹ̀ rìn la àárín àwọn àgọ́ kọjá lọ sí pápá ìṣeré. Gbogbo ènìyàn á pa jẹnẹrétọ̀, wọn á pa orin, kí wọ́n lè gbọ́ ìró bàtà àwọn ọmọ náà. Bí àwọn tó ṣáájú bá ti dé abẹ́ igi óákù, Verlene nìkan á jáde síwájú, á sì ké pé:

"Ta ló ń sùn?"

Gbogbo wọn á dáhùn pé: "Kò sí!"

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé ni Verlene ń wà nígbà ayé rẹ̀, bó sì ti ń bi àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì nìyẹn láràárọ̀. Ó wá bi àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ní ọdún kan tí wọ́n ti pàdánù léraléra, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ibi ìsìnkú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dáhùn, wọ́n sì borí lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ló ti di àṣà.

Oṣù kẹrin ọdún yìí ni Verlene kú. Ní ilé ìwòsàn, ó fa ọwọ́ aṣọ Harlan, ó ní, "Ìwọ ni kó o bi wọ́n o. Má jẹ́ kí Dwight ṣe é, ó máa sọ ọ́ di eré." Harlan ṣèlérí. Kì í ṣe aláriwo ènìyàn. Ní gbogbo oṣù kẹjọ, ó ń ti ilẹ̀kùn gáréèjì mọ́ra, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ké. Eré àkọ́kọ́ ọdún yìí ní pápá ara wọn nìyí.

Ó yí aago tẹlifóònù sí aago mẹ́ta, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó de ìbòjú mọ́ imú, ó sì sùn.

Ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ tó dá ló jí i. Ìbòjú lẹ̀ mọ́ ọn lójú bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ pa á. Ó já a kúrò, ó dìde jókòó. Iná ẹ̀rọ ti kú. Gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì yé e kó tó rí nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sí tẹlifóònù. Kò sí níbẹ̀.

Ó wá gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan láti ìta.

"Ta ló ń sùn?"

Kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó lanu, ohùn ọkùnrin kan ti dáhùn láti abẹ́ àgọ́: "Harlan Pruett!"

Ẹ̀rín bú káàkiri. Àwọn agbábọ́ọ̀lù pàápàá ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Kò sí!" Harlan mọ ohùn náà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń gbọ́ ọ nídìí tábìlì oúnjẹ.

Nígbà tó fi rí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n ti dáhùn ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn àwọn ọmọ náà ló ń wò. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ipa okùn ìbòjú sì hàn gbangba ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn jẹnẹrétọ̀ ti ń dún padà. Ọkùnrin tẹlifíṣàn kan ń palẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ mọ́.

"Áà, o ti jí!" ni Dwight wí. "Ṣé o gbọ́ Kaylin? Ohùn Verlene gan-an!"

"Tẹlifóònù mi dà?"

Dwight fọwọ́ kan àpò, ó sì yọ ọ́ jáde. "Ó fẹ́ máa dún ni. Mo ní kí o sinmi."

"O wọ inú ọkọ̀ mi, níbi tí mo ti ń sùn, o sì kó ohun tí yóò jí mi."

"Harlan, wo ojú ara rẹ nínú dígí. Láti ìgbà tí Verlene ti lọ—"

"Mo ní kí o jí mi."

"Àwọn tẹlifíṣàn wá! Mo rò ó pé tí ẹkún bá gbọ̀n ọ́ níwájú wọn ńkọ́?"

"Tí mo bá sunkún, ta ni yóò kú?" Harlan kò gbé ohùn sókè. "O tún pa iná tí mo fi ń mí."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré!"

"Di imú rẹ, kí o sì pa ẹnu rẹ dé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yá, mo ń wò ọ́."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́ lábẹ́ àgọ́ kejì. Kaylin ti sún mọ́ wọn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá Harlan, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é. Wọ́n ní ó rẹ̀ yín." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Dádì, ohun tí ẹ sọ fún mi nìyẹn!"

Dwight ń wo inú kúlà ọtí.

"O kò ṣẹ̀ mí," Harlan sọ fún ọmọbìnrin náà. "Ohùn rẹ dára."

Ó yípadà láti wọ inú ọkọ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti rí agbábọ́ọ̀lù kan tó farapa, tó ń bọ̀ láti orí òkè, òun nìkan, lẹ́yìn gbogbo àwọn tó kù. Ọmọ sìgbọnlẹ̀ ni, nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́ta ló wà láyà rẹ̀, wọ́n sì fi irin de orúnkún rẹ̀. Ó há ọ̀pá méjì sí abíyá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Harlan lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ Dwight, ó pa á. Kaylin wò ó, ó sì sáré lọ pa ti àgọ́ kejì. Ẹnì kan pa orin rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ariwo kò dá. Harlan jáde sábẹ́ igi óákù pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ó ké e bó ti kọ́ ọ ní gáréèjì:

"Ta ló ń sùn?"

Ọmọ náà dúró. Ó wo ìbọ̀sẹ̀ bàbá náà, ó wo ipa okùn lójú rẹ̀, ó tún ọ̀pá rẹ̀ gbá mú.

"Kò sí, sà."

Harlan bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó dáhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹkún dé bí Dwight ti sọ pé yóò dé, ìpè náà sì ya sí méjì ní ọ̀fun rẹ̀. Ọmọ náà dúró títí ó fi parí. Ó dáhùn sókè gan-an, ó mi orí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni kò kú.

Harlan padà wá, ó gba tẹlifóònù rẹ̀. Ó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára jẹnẹrétọ̀ Dwight, ó ká a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ títí ó fi tán.

"Bátìrì tèmi ni màá gbé wá fún ẹ̀rọ mi ní eré tó ń bọ̀," ó ní.

"Harlan, wá jẹun, ará ilé mi. Ẹran ti jinná."

"Mo mọ̀ pé ó ti jinná. Èmi ni mo sè é."

Ó mú ọ̀bẹ, ó gé èyí tó dára jù níbi tí èéfín ti mú un dúdú, ó gbé e fún Kaylin. Ó gé tirẹ̀. Ó sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lórí pátákó, kí Dwight fọwọ́ ara rẹ̀ gé tirẹ̀.