Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Àféèrí

Ìjọba gba Àlàájì Mikail síṣẹ́ pé kó má rí nǹkan kan, bàbá náà sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe dójú àmì. Láti ìgbà òjò ló ti ń jókòó sí bákónì òkè ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà. Bó bá ti kírun Àsárì tán, yóò gbójú sókè, yóò máa wo sánmà títí Màgàríbì yóò fi kù díẹ̀, kò sì ní rí nǹkan kan. Lékèélékèé kò sí nínú àdéhùn. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó èrò lọ sí Èkó kò sí níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó máa ṣọ́, ohun kan ṣoṣo náà ni wọ́n sì ń gbàdúrà pé kó má rí.

Orílẹ̀-èdè wa ló ń kan ọkọ̀ òfuurufú ológun tirẹ̀. Ẹ má rò pé tókunbọ̀ ni wọ́n rà tí wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn o. Tiwa-n-tiwa ni, èyí tí rédà, ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀tá fi ń ṣọ́ ohun tó ń fò, kò ní lè rí. Àwọn tó ń kàn án sọ ọ́ ní Àféèrí, orúkọ oògùn tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn fi ń pòórá mọ́ ọ̀tá lójú. Wọ́n gbé e fò, rédà kò rí i. Wọ́n wá ní ó ku ojú èèyàn. Ni wọ́n bá ń wá àwọn àgbà tí ilé wọn ga, tí ojú wọn ṣì mọ́: ẹnì kan ní Òkè Padre, ẹnì kan ní Àrẹ̀mọ, Àlàájì Mikail ní Bẹyẹrúnkà. Lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò ní ọ́fíìsì wọn ní Agodi, wọ́n ní kó ka lẹ́tà ara pátákó ògiri. Ó kà á tán, ó tún ka orúkọ ẹni tó tẹ pátákó náà, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bí ẹsẹ̀ èèrà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbà á.

Wọ́n mú un búra pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá búra tọkàntọkàn. Ìgbà tó délé ló tó rí i pé kò tiẹ̀ sí ẹni tí òun ì bá sọ ọ́ fún.

Àlàájì tí à ń wí yìí, Mẹ́kà kò mọ̀ ọ́n rí. Àlàájì àpọ́nlé ni. Télọ̀ ni. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó máa gbọ̀n, òun ló ń rán agbádá fún gbogbo ọkọ ìyàwó tó bá gbójú ní Ọjà'ba. Qúdrát, ìyàwó rẹ̀, lọ bá Muslimat ọmọ wọn ní Kánádà láti lọ bá a wẹ ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò. Ọmọ tuntun náà ti ń lọ síléèwé báyìí, ó ti ní àbúrò, àbúrò náà sì ti ń fi òyìnbó bá bàbá àgbà rẹ̀ jà lórí fóònù. Bí wọ́n bá fi fídíò pè é, ọwọ́ ọmọdé ni fóònù máa ń wà, àjà ilé nìkan ni Àlàájì sì máa ń rí. Ó ti mọ àjà ilé náà dunjú.

"Ìyá Muslimat," ni yóò wí, "ṣé àlàáfíà ni?"

Àjà ilé á dá a lóhùn pé àlàáfíà ni, òun ń bọ̀ láìpẹ́.

Yàrá tó wà nínú agbo ilé náà pọ̀ ju ẹni tó ń sùn níbẹ̀ lọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ ti kó lọ sí ilé tiwọn, àwọn ọmọ wọn ti ré òkun, kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń ṣí àwọn yàrá náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè wọlé. Á kí yàrá kọ̀ọ̀kan, á dúró díẹ̀, á sì tì í padà.

Sọ̀fíyàt tó ń ṣe POS lábẹ́ agbòòrùn níwájú ilé kò jẹ́ kó sinmi.

"Àlàájì, ọrùn ò ro yín?"

"Atẹ́gùn ni mò ń gbà."

"Atẹ́gùn wo ló ń gba ojú sánmà wọlé? Èmi ti mọ̀ yín. Ọkọ̀ tó gbé Màmá lọ ò kí ń gba orí ilé wa padà o. Èkó ló ń balẹ̀ sí. Ẹ kú ojú lọ́nà."

Àwọn tó tò láti gba owó rẹ́rìn-ín. Àlàájì náà rẹ́rìn-ín, torí ó ti búra, ó sì sàn kí wọ́n rò pé ìyàwó ni òun ń ṣọ́. Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀ kó tó wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti wọ òun lára.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ á lẹ́, fóònù á dún. Nọ́ńbà kì í jáde lára rẹ̀. Èèyàn ò lè pè é padà. Tẹniọlá ni, ọmọge ológun kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Agodi. Òfin wọn ni pé ìbéèrè kan, ìdáhùn kan, kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tó ṣe òfin yẹn kò kí àgbàlagbà Ìbàdàn rí láyé rẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, Bàbá."

"Káalẹ́, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ń lọ? Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Ṣé ẹ rí nǹkan kan?"

"Màá dá ọ lóhùn. O ti jẹun?"

"Tí mo bá délé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń ṣọ́ àkókò wa."

"Kí wọ́n má bínú. Mi ò rí nǹkan kan. Kí lo fẹ́ jẹ?"

Ọmọ náà á rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀bà."

"Pẹ̀lú ọbẹ̀ wo?"

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Tẹniọlá fúnra rẹ̀ á ti sọ ọbẹ̀ kó tó béèrè ọ̀rọ̀ ìjọba. Láti àárọ̀ sì ni Àlàájì á ti máa kó ọ̀rọ̀ jọ dè é: ewúrẹ́ tó jẹ owó oníbàárà Sọ̀fíyàt, lèmọ́mù tó gbàgbé bàtà sí mọ́sáláṣí. Bí ọjọ́ kan bá lọ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, inú Àlàájì kì í dùn sí àwọn ará àdúgbò.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ayọ̀ ń dún lóhùn Tẹniọlá.

"Bàbá, ó ti fẹ́ bọ́ sí i. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì tí ẹnikẹ́ni ò rí i, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ẹ ò ní máa na ọrùn mọ́. Gbogbo wa á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àlàájì wí. Kò bi í léèrè ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún.

"Ẹ káalẹ́, Bàbá. Ṣé ẹ rí nǹkan kan?"

"Mo rí i," ni Àlàájì wí.

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

Àlàájì wo sánmà, sánmà ò ràn án lọ́wọ́. Ó wo ilẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tó fi ń lọ agbádá nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ bákónì.

"Ó dúdú," ni Àlàájì wí. "Ó pẹlẹbẹ. Imú rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ tẹ́jú bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Mi ò rí ìrù kankan lẹ́yìn ẹ̀."

Ó gbọ́ bí Tẹniọlá ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ má kúrò nílé lọ́la."

Ta ló fẹ́ kúrò nílé? Ilẹ̀ mọ́, Àlàájì gbá àtẹ̀gùn, ó ṣí gbogbo yàrá, ó kó àga wọn jáde sí pálọ̀, ó se ìrẹsì tó tó ti ìsọmọlórúkọ. Sọ̀fíyàt gbọ́ òórùn ọbẹ̀ nísàlẹ̀, ó ní, "Àlàájì, ṣé Màmá ti dé ni?"

Èèyàn mẹ́ta ló wá. Àkọ́kọ́ ni Tẹniọlá, tó kúrú ju ohùn rẹ̀ lọ. Èkejì ni Ọ̀gá Hezekiah, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ya Àféèrí látorí dé ìdí, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi ìka ti awò ojú rẹ̀ sókè. Ẹ̀kẹta ni sójà kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kọ́kọ́ jẹun," ni Àlàájì wí.

"Iṣẹ́ la bá wá, Bàbá," ni Ọ̀gá Hezekiah wí.

"Iṣẹ́ á dúró. Ìrẹsì ló ń tutù."

Wọ́n jókòó, wọ́n gba ṣíbí. Ó ti pẹ́ tí Àlàájì ti gbọ́ kí ṣíbí tó ju ẹyọ kan lọ máa kan àwo nínú ilé náà. Ó kàn ń wò wọ́n ni. Ọ̀gá Hezekiah fa àwòrán kan yọ nínú báàgì.

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ rí nìyí?"

Àlàájì wò ó, orí rẹ̀ wú. Áyọ́ọ̀nù ni. Dúdú, pẹlẹbẹ, imú ṣóńṣó, ìdí títẹ́jú. Ọwọ́ tí èèyàn á fi gbé e nìkan ni kò sí. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn. Irọ́ tí òun pa ti di òtítọ́.

"Òun gan-an ni," ló fi gbogbo àyà wí.

Ọ̀gá Hezekiah dá àwòrán padà sínú báàgì. "Ó yà mí lẹ́nu, Bàbá. Àféèrí ò jáde lánàá. Láti àárọ̀ la ti tú ẹ̀rọ ẹ̀ sílẹ̀, à ń nù ún."

Àlàájì yí ojú sí àwo ìrẹsì.

"Àwa tá a mọ bó ṣe rí ò pọ̀," ni ọ̀gá náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Nínú wa, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá yín sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Ta ló sọ fún yín bó ṣe rí?"

Kò wo Tẹniọlá. Sójà ẹnu ọ̀nà ló wò ó. Tẹniọlá rọra gbé ṣíbí sílẹ̀.

Àlàájì dìde. Ó lọ sí bákónì, ó gbé áyọ́ọ̀nù wá, ó gbé e ka orí tábìlì láàárín àwo ìrẹsì. Eérú àtijọ́ dà sára aṣọ tábìlì.

"Òun ló sọ fún mi," ló wí. "Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa."

Ọ̀gá Hezekiah wo áyọ́ọ̀nù. Ó tún fa àwòrán yọ, ó wò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọwọ́ áyọ́ọ̀nù, ó tún un wò. Sójà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà wá bú sẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Gbogbo ìwé tí mo kà láyé mi ni mo fi ya nǹkan yìí," ló ń wí, "gbogbo ìwé."

Ó nu ojú tán, ẹ̀rín ti lọ. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi parọ́, Bàbá?"

"Ẹ ní ó máa parí lọ́jọ́ Ẹtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tó bá ti parí, ta ló kù tó máa pè mí?"

 Ọ̀gá Hezekiah wo àwọn àga tó yí pálọ̀ ká, èyí tó pọ̀ jù wọ́n lọ, ó sì tètè gbójú kúrò.

Ìdájọ́ ni pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ àná rẹ́. Ọ̀la ni ìgbà ìkẹyìn: Tẹniọlá á béèrè, Àlàájì á dáhùn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ á jókòó tì í, á máa gbọ́. Kò gbọdọ̀ sí ìkíni, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀bà. Bí irú èyí bá tún wáyé, Tẹniọlá ló máa forí fá a. Ọmọ náà kúnlẹ̀ dágbére. Sójà bu ìrẹsì sínú láílọ́ọ̀nù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àlàájì jókòó sí bákónì, ó ń kọ́ ẹnu rẹ̀ bí yóò ṣe sọ pé "mi ò rí nǹkan kan" láìfi ohunkóhun lé e. Kò tiẹ̀ ń wo sánmà dáadáa. Àwọn àwòdì ń rà bàbà lókè Mápó. Lójijì, wọ́n túká. Ibi tí wọ́n ti túká, ègé sánmà kan ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀, ó sì ń lọ. Kò dún. Oòrùn kàn án, kò tàn. Ó kọjá lórí àwọn òrùlé sí apá Òkè Padre, sánmà sì padà sí àyè rẹ̀.

Àlàájì wo ibẹ̀ títí, kò tún rí i mọ́.

Ó lè dákẹ́. Bó bá ní òun ò rí nǹkan kan, Tẹniọlá bọ́, ọ̀gá á yọ̀, gbogbo wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní òun rí i, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. Ó ti fẹ́ pinnu báyẹn, ló bá rántí pé ẹnì kan jókòó sínú nǹkan yẹn. Ọmọ ẹnì kan ni. Wọ́n á sọ fún un pé ojú kankan ò rí i, á sì gbé e lọ sókè ìbọn ọ̀tá, ó ń fọkàn balẹ̀.

Fóònù dún.

"Ṣé ẹ rí nǹkan kan?" Ohùn rẹ̀ le bí aṣọ tí sítáàṣì pọ̀ jù lára rẹ̀.

"Mo rí i."

Ó gbọ́ tí ọkùnrin kan pòṣé lọ́ọ̀ọ́kán. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Tẹniọlá wí, ohùn rẹ̀ sì ti padà sí ti tẹ́lẹ̀.

"Mo mọ ohun tí mò ń ṣe sí ọ, ọmọ mi. Lókè Mápó ni. Àwọn àwòdì túká fún un. Apá Òkè Padre ló gbà lọ."

"Ó jọ kí ni?" ni Tẹniọlá bi í.

Àlàájì wá ohun tó jọ. Ó wá a nínú gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí láti kékeré.

"Kò jọ nǹkan kan," ló wí. "Mi ò rí ohun tí mo lè fi wé e."

Lọ́hùn-ún, àga kan dún. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ń bọ̀ wá síbi fóònù. Ni ìlà bá gé.

Àlàájì gbé fóònù dání títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì. Ó dìde láti lọ ṣe àlùwàlá. Ó tẹ ohùn fóònù náà sókè dé ibi tó lè dé, ó sì gbé e ka ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù, níbi tí omi ò ti ní ta sí i.