Ẹni Tó Dúró Létí Kòtò

Ojú Iria àti ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe mẹ́rin nínú ọpọ́n òkúta ńlá kan, níbi tí ogúnlọ́gọ̀ èèyàn ti gbé apá lé ara wọn léjìká, tí wọ́n ń tẹ èso àjàrà mọ́lẹ̀, tí omi pupa rẹ̀ mù wọ́n dé orúnkún. Àjòjì ni Iria láàárín wọn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní abúlé, tó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn dé ilé Dona Custódia, ilé kan ṣoṣo tó wà láàárín igbó páìnì àti òkun. Kó tó sọ ohun tó bá wá, wọ́n ti ní kó bọ́ bàtà, kó fọ ẹsẹ̀, kó wọ inú ọpọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dé nígbà ìtẹ̀jàrà kì í jókòó wòran.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà ní ìlà tó kọjú sí i, ó ń wò ó. Kò rẹ́rìn-ín, kò ṣẹ́jú. Ó wò ó bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Iria gbàgbé ẹsẹ̀ tó kàn láti gbé, ló bá tẹ Àǹtí Eulália tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀.

"Ọmọge," ni Eulália wí, "àjàrà la ní kó o tẹ̀. Èmi ò tíì pọ́n."

Gbogbo ọpọ́n bú sẹ́rìn-ín. Iria náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ga ju tàwọn yòókù lọ, ó lọ sókè, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú, tó gbé agbọ̀n búrẹ́dì dání, dúró gbagidi. Dona Custódia nìyẹn, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá. Ó wo ọmọbìnrin náà pẹ́ kó tó rántí gbé búrẹ́dì sílẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Iria rọra bi Eulália, ó fi àgbọ̀n júwe ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Silvério ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí. Inú oyún ló wà tí iyanrìn fi pa Gaspar bàbá rẹ̀. Rọra máa wò ó, kó o má baà wò ó gbó."

Omi àjàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́sẹ̀ Iria di omi yìnyín.

Nítorí lẹ́tà kan wà nísàlẹ̀ àpò rẹ̀, orúkọ Dona Custódia ló wà lára rẹ̀. Ọwọ́ Iria fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti ń gbọ̀n jù láti kọ nǹkan lórí ibùsùn tó wà ní Lisboa. Bàbá ń sọ, Iria ń kọ, ó sì ń nu ojú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. *Èmi Albano ni mo dúró létí kòtò lọ́jọ́ tí Gaspar kú. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ohùn mi. Òótọ́ ni pé mò ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Gaspar kọ́ ni mò ń bá sọ ọ́.*

Ẹni tí kò bá gbin àjàrà nínú iyanrìn rí kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Iyanrìn ló wà lókè nílẹ̀ wa, amọ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, inú amọ̀ yẹn sì ni gbòǹgbò gbọ́dọ̀ dé. Kòtò tí à ń gbẹ́ máa ń jìn ju ìdúró ọkùnrin méjì lọ. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á dé apẹ̀rẹ̀ borí títí kan ọrùn, kó lè rí èémí mí bí iyanrìn bá ya lù ú. Ẹni tó dúró létí kòtò kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára iyanrìn, kò sì gbọdọ̀ panu mọ́. Kó pìtàn ni o, kó kọrin ni o, kó máa bú ìyàwó ẹ̀ ni o, kó ṣáà máa sọ̀rọ̀. Bó bá wá rí i tí iyanrìn ń sán, kò ní pariwo, nítorí àwọn bàbá wa gbà pé ariwo a máa jí iyanrìn. Yóò dákẹ́ ni. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í béèrè ìdí. Bó bá ti gbọ́ ìdákẹ́, okùn ló kù tó máa dì mú.

Lọ́jọ́ ọ̀hún, ọmọbìnrin kan tó ń ru koríko esùsú tí wọ́n fi ń ṣọgbà ìdènà afẹ́fẹ́ ló ń kọjá. Natércia lorúkọ rẹ̀. Albano yíjú sí i, ó ń bá a tage, ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Gaspar ń gbọ́ ohùn lókè, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìgbà tí Albano máa fi bojú wẹ̀yìn, kòtò ti dí. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní ó ṣe ohun tó yẹ, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Kí ọdún náà tó parí, òun àti Natércia ti kó lọ sí Lisboa, wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí Iria. Natércia ti kú. Albano ló kù, òun náà sì ti ń di ẹrù ọ̀run.

Ọjọ́ kan péré ni Iria rò pé òun máa lò. Ó yẹ kó fi lẹ́tà náà lélẹ̀ kó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó purọ́ orúkọ ìdílé fún Màmá, ó ní télọ̀ lòun, pé dókítà ló ní kóun wá gba afẹ́fẹ́ òkun sára, ó sì gba yàrá kan lókè ilé, irú èyí tí wọ́n ń fi gba àlejò. Wọ́n tẹ àjàrà tán, ó ṣì wà níbẹ̀. Wáìnì hó, ó rọlẹ̀, wọ́n rọ ọ́ sínú àgbá, ó ṣì wà níbẹ̀.

Silvério ló fà á. Òun àti Iria jọ ń tún ọgbà esùsú tí afẹ́fẹ́ òkun wó ṣe. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, wọ́n á jẹ ẹja sadín àti búrẹ́dì, wọ́n á máa gbọ́ òkun láìrí i. Kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ tì èèyàn.

"Ìwọ ò sọ nǹkan kan fún mi rí nípa ilé yín," ló wí lọ́jọ́ kan.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀. Bàbá mi ń ṣàìsàn."

"Kí ló wá dé tó o fi wà lọ́dọ̀ wa?"

Iria bu búrẹ́dì sẹ́nu kó má baà dáhùn. Silvério fi àtàńpàkò nu iyanrìn kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe fi ọwọ́ náà síbẹ̀ tí kò gbé e kúrò. Ọkàn ọmọbìnrin náà ń lù kìkì. Adùn àti ìbẹ̀rù jọ wà nínú rẹ̀, kò mọ èyí tó ń lù ú.

Ní ọjọ́ Àìkú, Iria máa ń lọ sí ilé ọtí abúlé, níbi tí fóònù wà lára ògiri.

"Ṣé o ti fún un?" ni Albano máa ń kọ́kọ́ béèrè, kò ní kí i.

"Kò tíì sí àyè, Bàbá."

"Kí ni obìnrin náà ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀ tí kò fi sí àyè?" Yóò wú ikọ́, ikọ́ náà yóò pẹ́. "Iria. Má jẹ́ kí n gbé e dé ibi tí mò ń lọ."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Bó bá padà dé ilé, á mú lẹ́tà náà jáde, á gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, á wò ó. Nígbà náà ni á gbọ́ bí Silvério ṣe ń súfèé nínú àgbàlá, á sì tún dá a padà sísàlẹ̀ àpò.

Lọ́jọ́ kan ní ilé ìdáná, Iria ń bá Màmá rẹ́ ewé kábééjì fún ọbẹ̀ nígbà tí obìnrin náà dédé fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"O kì í rẹ́rìn-ín mọ́."

"Èmi, Màmá?"

"Lọ́jọ́ tó o dé, o rín ẹ̀rín kan. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, ibi tí mo ti gbọ́ ọ ni mi ò rántí. Ó ń dí mi lóorun. Rín in kí n gbọ́."

"Ẹ̀rín kì í ṣe ẹran, Màmá, tí wọ́n á ní kéèyàn gé sáwo."

Màmá wo ojú rẹ̀, ó tún mú ọ̀bẹ. "Ẹnu ẹ mú," ló wí, kò sì béèrè mọ́.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, iyanrìn dì, àkókò kòtò dé. Láti ìgbà tó ti bí Silvério ni Màmá ti ń sọ pé kò ní wọ kòtò. Àwọn alágbàṣe ló ń gbẹ́ ẹ fún wọn lọ́dọọdún, òun á sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á tẹ́tí sí ohùn ẹni tó wà lókè títí wọ́n á fi ṣe tán. Lọ́dún yìí, Silvério ní òun ti kúrò lọ́mọ tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò fún. Wọ́n fà á títí, ìyá gbà níkẹyìn.

"Ta ló máa dúró fún ẹ?" ni Màmá béèrè nídìí oúnjẹ.

"Iria ni."

Ṣíbí dúró lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkùnrin bá ní kí obìnrin wá dúró létí kòtò òun, kò sí ohun tó tún kù tó fẹ́ sọ.

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń fún ọmọge ní òrùka," ni Eulália wí, "ìwọ ń fún tìẹ ní kòtò. Iria, dáhùn o. Ọbẹ̀ ń tutù."

Ó yẹ kó ní rárá. Ó wo ojú Silvério, ó rí i bí etí ọmọ náà ṣe pọ́n, ó ní, "Màá dúró."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru òkun bo ọgbà. Silvério dé apẹ̀rẹ̀ borí, ó wo Iria láàárín esùsú tí wọ́n fi hun ún.

"Báwo ni mo ṣe rí?"

"Bí adìẹ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà."

"Máa bá a lọ bẹ́ẹ̀," ló wí, ó di okùn mú, ó sọ̀kalẹ̀.

Iria bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó pìtàn àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Lisboa, ìyàwó dókítà tó máa ń ní kí wọ́n fún aṣọ òun mọ́ra ju ara lọ, alùfáà tí ṣòkòtò rẹ̀ máa ń ya níbì kan náà. Ẹ̀rín Silvério ń ti inú apẹ̀rẹ̀ wá, ó ń jìn díẹ̀díẹ̀. Ojú Iria kò kúrò lára iyanrìn. Lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí aṣọ dúdú Màmá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Iria," ni ohùn Silvério wí nísàlẹ̀, "ṣé o mọ ohun tó ń tu Màmá nínú? Pé títí dé òpin ni bàbá mi ń gbọ́ ohùn. Kò nìkan kú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó fi ń sùn nìyẹn."

Iria la ẹnu. Ìtàn alùfáà ṣì kù, ìtàn ìyàwó dókítà ṣì kù, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀kan mú. Ohun kan ṣoṣo tí opó yẹn fi ń sùn ni lẹ́tà náà máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóun ò bá sì fún un, ohùn dídùn lásán lòun ó máa dà sórí ọmọ rẹ̀ títí ayé, bí bàbá òun ti ṣe gan-an, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ á máa rò pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó tún la ẹnu. Kò sí nǹkan tó jáde.

Òkun nìkan ló ń dún.

Okùn le lójijì. Ó gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń họ ògiri kòtò, bí èémí ṣe ń já nínú apẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ yọ, igbá-àyà yọ, Silvério dojú bolẹ̀ sórí iyanrìn, ó yí padà, ó wo kòtò. Ògiri rẹ̀ dúró digbí. Hóró iyanrìn kan ò ṣí nípò.

"Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tó o fi dákẹ́?"

Màmá ti dé. Ó ti sáré la ọgbà esùsú kọjá, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ sọ́nà. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, ó ń tẹ apẹ̀rẹ̀ náà níhìn-ín lọ́hùn-ún bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá orí ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ó wà láàyè, ó gbójú sókè.

"Mo gbọ́ ìdákẹ́," ló wí. "Kí ló ṣe iyanrìn?"

"Kò sí ohun tó ṣe iyanrìn, Màmá. Èmi ni mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́." Ohùn Iria kéré, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. "Ẹ má bínú pé mo purọ́ orúkọ fún yín. Albano ni bàbá mi."

Silvério ṣí apẹ̀rẹ̀ kúrò lórí. Ó ń wo Iria bó ṣe wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí ó ṣẹ́jú.

"Natércia," ni Màmá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀rín Natércia ni. Lọ́jọ́ tí Gaspar kú, mo wà nídìí ọbẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn Albano, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín kan. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, kò séwu." Ó wo kòtò. "Mi ò béèrè rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín."

Ó yíjú sí Iria.

"Ṣé ó ṣì wà láyé, bàbá ẹ?"

"Ó wà, Màmá. Ó ń dúró dè yín."

Iria ki ọwọ́ bọ àyà aṣọ rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti fi lẹ́tà náà síbẹ̀, kò sì lè sọ ìdí. Etí rẹ̀ ti ká, òógùn ti mú kí tàdáwà orúkọ náà ràn díẹ̀. Màmá dìde. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ épírọ́ọ̀nù, ó nù ún pẹ́, ó sì na ọ̀kan síwájú. Iria kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.