Èsúrú Tó Kọ̀ Láti Jáde Nínú Àpò

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará ilé mi, kí n rọ́ àlá òru àná fún yín, nítorí inú ṣì ń bí mi.

Ẹ mọ̀ pé ó di ọjọ́ mẹ́ta tí màmá mi ti kọ oúnjẹ. Èsúrú nìkan, ó ní, ló lè gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá. Ta ló tún ń gbin èsúrú láyé ìsinsìnyí? Èmi ni. Ẹyọ kan, nínú àpò ìrẹsì, lẹ́yìn ilé ìdáná.

Lójú àlá, mo gbàdúrà, mo mú ọ̀bẹ, mo ki ọwọ́ bọ inú àpò. Èsúrú di ilẹ̀ mú, ó ní:

“Ìwé àṣẹ dà?”

“Ìwé àṣẹ kẹ̀? Nínú àpò mi?”

“Àpò ni tìẹ. Ara ni tèmi.”

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé náà ń léfòó lókè òrùlé wa. Mo gun ìtàkùn èsúrú débẹ̀. Ọ̀gá Ògúnrìndé, tó jókòó nídìí tábìlì, ní kí n kọ orúkọ bàbá èsúrú sínú fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́. Bó ṣe gbé òǹtẹ̀ sókè ni ìwo hù lórí rẹ̀, ó di òbúkọ, ó sì jẹ fọ́ọ̀mù náà. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé n kò ní ẹ̀dà kejì.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá mi ò jẹun!”

“Mèèè,” ó ní. “Ẹ padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo ní yóò yọ èsúrú. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

“Ọmọ afúnfun-bí-òwú,
Ọmọ abódó-ṣeré,
A gún un títí, ó ń dán,
Ọba lórí àwo!”

“Ta lò ń kì?” Èsúrú gbaná jẹ. “Oríkì iṣu lo gbé wá bá mi! Sísè ni wọ́n ń sè mí. Ta ló gún mi rí? Ṣé o rí odó lẹ́yìn mi ni?”

Sùúrù mi tán. “Abájọ tó o fi tẹ́ lọ́wọ́ oníyán!”

Háà, mo ti bà á jẹ́. Èsúrú rì wọlẹ̀ ṣìn-ìn, ó fa àpò, ó fa ilé ìdáná, ó ń fa èmi náà lọ. “Jésù!” ni mo fi ta jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo mú ọ̀bẹ, mo sáré gba ẹ̀yìn ilé. Màmá mi ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń fi ọbẹ̀ àná jẹ ẹ̀bà tútù. Òkèlè rẹ̀ tó ìkúùkù.

“Màmá! Èsúrú ńkọ́?”

“Èsúrú wo? Kò tíì gbó. Fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, Àyọ̀ká. Ẹran ọbẹ̀ yìí mà kéré o.”

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tòun ti ìpayínkeke, mo sì bu ẹran kún un.