Agogo Akẹ́yìn

Ní ilé Amọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ló ni yàrá iwájú, ẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn ń há ara wọn mọ́. Kẹ̀kẹ́ fara ti ògiri, kẹ̀kẹ́ rọ̀ sábẹ́ àjà, túùbù àti ṣéènì kọ́ sára ìṣó, àlejò tó bá sì fẹ́ jókòó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé táyà kúrò lórí àga. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí bàbá náà ti ń kó àwọn arìnrìn-àjò gun kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ gíga kọjá, láti ìlú tó wà nísàlẹ̀ títí dé etí adágún tó wà lódìkejì òkè. Iṣẹ́ náà ti gba orúkọ àbísọ lọ́wọ́ rẹ̀. Amọ̀nà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ń jẹ́ Akẹ́yìn, torí pé níbi tí ọkọ bá ti ń ṣíwájú èrò, òun ló máa ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn pátápátá, tó ń pèéṣẹ́ àwọn tó ti rẹ̀.

Amọ̀nà kì í ṣe aláriwo, àmọ́ nǹkan méjì wà tó máa ń mú un bínú. Ọ̀kan ni kéèyàn tẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kó fi ìhà ṣéènì kanlẹ̀. Bó bá rí i, á ní, "Ṣé ìwọ náà máa ń fi ẹnu sùn sínú iyẹ̀pẹ̀ ni?" Ìhà kejì ló gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, kí ṣéènì kọjú sókè. Nǹkan kejì ni kéèyàn rú òfin orí òkè, òfin tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Bí aṣíwájú bá gun òkè dé orí, á bọ́ sílẹ̀, á dúró. Gbogbo ẹni tó bá ń dé á dúró tì í. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sódìkejì títí akẹ́yìn á fi dé. Akẹ́yìn ní tirẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀ rárá. Bí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú lábẹ́ táyà rẹ̀, á lu agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mọ́. Àwọn tó ti ń dúró nínú òtútù á fò sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á dà wọ̀ọ́ lọ sísàlẹ̀, òun náà á sì tẹ̀ lé wọn láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ìyàwó Amọ̀nà ti lu agogo yìí débi pé àtàǹpàkò rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju orí rẹ̀ lọ.

Ohun tí ọkọ fi ń yangàn ni pé òun ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lórí òkè rí. Òótọ́ ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń sọ ọ́ di òótọ́, àmọ́ ẹ mọ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ó wá di ìgbà kan, ọkàn Amọ̀nà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́yìn. Bó bá gbé kẹ̀kẹ́ kúrò lára ìṣó, á jókòó kó tó lè sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ síwájú iná, ó fi gègé tọ́ka sí i, ó ní ọkàn náà ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Òògùn á ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, kò ní wò ó sàn.

"Ṣé mo ṣì lè gun òkè?" ni Amọ̀nà bi í.

Dókítà bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Bàbá, kódà àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn yìí, ẹ má sáré gùn ún."

"Mi ò sọ pé mo fẹ́ sáré."

Ìyẹn ni gbogbo ohun tó sọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé ló wá là á mọ́lẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ dúró lórí òkè, kí òun wo adágún lẹ́ẹ̀kan sí i, orí kẹ̀kẹ́ lòun sì fẹ́ bá débẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbọ́ ọ, ó fò dìde.

"Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni Amọ̀nà wí fún un.

"Bàámi, ọkàn yín ni ẹnu àáké tí à ń wí yìí o." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, màámi? Ṣé ẹ fẹ́ lọ fi bàbá mi sílẹ̀ sórí òkè ni?"

"Èmi kẹ̀?" ni ìyá dáhùn, ọ̀rọ̀ náà dùn ún. "Ta ni mo fi sílẹ̀ rí?"

Wọ́n jiyàn, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n wá fẹnu kò. Ìyá ló máa wà níwájú, torí pé bí bàbá bá wà níwájú, ìwà ọ̀dọ́kùnrin ló máa hù. Á máa rọra lọ, bàbá á máa tẹ̀ lé e. Ọmọ á wa ọkọ̀ gba ọ̀nà títì lọ sí etí adágún, á dúró dè wọ́n níbẹ̀. Àmọ́ kó tó gbà, ó mú kí ìyá rẹ̀ ṣèlérí.

"Ẹ ò ní gbójú kúrò lára wọn."

"Mi ò ní gbójú kúrò lára bàbá ẹ."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbéra. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Obìnrin tó jẹ́ pé ẹ̀yìn èrò ló mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ọ̀nà gbalasa wá là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ojú lé. Ọkùnrin tí kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni rí ń wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀, ó ń kùn. Wọ́n la àárín oko kábéèjì kọjá, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti nàró láti kí wọn. Wọ́n wọ inú igbó àwọn igi tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, tí ohun gbogbo sì ń rùn bí oje igi. Ìgbà gbogbo ni obìnrin náà ń bojú wẹ̀yìn.

"Aṣíwájú, ọ̀nà ni kó o wò," ni Amọ̀nà ń ké sí i. "Ojú mi ò sí lójú ọ̀nà."

"Ṣé mi ò sáré jù?"

"O sáré jù bí? Ìgbín kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kí wa kọjá ni."

Ní ọ̀sán, igbó tán lójijì, ilẹ̀ gíga náà sì tẹ́jú lọ salalu, kìkì koríko, àgùntàn àti àwọn òkúta ńláńlá tó dá dúró. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Amọ̀nà ò kùn mọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ súnmọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì rọra ń sọ ìtàn ibi kọ̀ọ̀kan fún un: ibi tí òjò yìnyín ti lé wọn sínú ilé olùṣọ́ àgùntàn, ibi tí oníbàárà kan ti jókòó sílẹ̀ tó ní òun ò lọ mọ́, àfi kí wọ́n ra òkè náà fún òun. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo tí nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́ wọn bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Inú rẹ̀ dùn, ó sì bà jẹ́, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Wọ́n sùn ní ilé àlejò kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè tó kẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ètè Amọ̀nà dúdú díẹ̀, ó ti fi ìjókòó sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó la ẹnu.

"Má sọ ọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí."

Òkè tó kẹ́yìn yìí kò ní igi, kò ní koríko. Àpáta ló wà lápá ọ̀tún, ọ̀gbun ló wà lápá òsì, ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín wọn. Wọn ò tíì gùn ún dé ìdajì tí kùrukùru fi bò wọ́n. Obìnrin náà gbọ́ èémí ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, bó ṣe ń já. Ó fẹ́ dúró.

"Má dúró o! Ẹni tó bá dúró níbi tó ga báyìí ò ní lè gbéra mọ́. Máa lọ. Dúró dè mí lókè."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ló kọ́ ẹ ní òkè yìí?"

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i tó ń tẹ kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó dorí kodò, ó ń bọ̀. Òun náà ń lọ. Nígbà tó tún bojú wẹ̀yìn, kùrukùru nìkan ló rí, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti ní kó dúró de òun lókè, ó sì tẹ̀ síwájú.

Níbi tí òkè náà ga dé, èèyàn kì í ronú. Ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́, imú ń wá afẹ́fẹ́, ó parí. Gbogbo ìgbà tí obìnrin yìí ti ń gun ibẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn: òun nìkan, kùrukùru, àti ìró táyà lórí òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ wá tẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ òdìkejì fẹ́ lù ú lójú, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́. Ó lu agogo lẹ́ẹ̀mejì. Kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ẹ má bi mí pé báwo ni ìyàwó ṣe ń gbàgbé ọkọ. Kò gbàgbé ọkọ. Lójú tirẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti wà níwájú, níbi tó máa ń wà, òun ló ń sáré lé e bá. Ohun tó bá ti mọ́ ni lára kì í tọrọ àyè kó tó ṣẹlẹ̀.

Ó ya kọ́nà kan, ó ya èkejì, kùrukùru sì ká kúrò. Gbogbo ọ̀nà náà là gbangba nísàlẹ̀ rẹ̀ títí dé etí omi. Ojú rẹ̀ ń wá ẹ̀yìn ẹnì kan lójú ọ̀nà náà. Kò sẹ́nì kankan. Ó fa bíréèkì débi pé táyà ẹ̀yìn yọ̀.

"Yéè! Mo fi í sílẹ̀!"

Ẹ̀rù bà á, ìtìjú sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó fa fóònù yọ, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó yí kẹ̀kẹ́ padà. Àwọn àgbà ní bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí, àmọ́ wọn ò sọ pé orí kẹ̀kẹ́ ni. Ọ̀nà tó fi wéré sọ̀ kalẹ̀ wá gùn bí ẹni pé wọ́n ń fà á gùn sí i. Itan rẹ̀ ń jó o. Ohùn ọmọ rẹ̀ kò kúrò létí rẹ̀: ṣé ẹ fẹ́ lọ fi bàbá mi sílẹ̀ sórí òkè ni? Ó ń gbàdúrà, ó ń bú ara rẹ̀, ó tún ń gbàdúrà.

Ó dé orí òkè, kò bá ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà tí wọ́n ti gùn wá, ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ rí. Ó wà nílẹ̀ létí ọ̀nà.

Kò tíì wá ènìyàn, ṣéènì lojú rẹ̀ wá. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni Amọ̀nà ṣubú, kẹ̀kẹ́ á ṣubú bó ṣe wù ú. Ṣéènì náà kọjú sókè, ó mọ́, kò sí eruku lára rẹ̀. Ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀, ńṣe ló fara balẹ̀ gbé e sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó mí.

Amọ̀nà jókòó sẹ́yìn àpáta kan níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, fìlà rẹ̀ wà lórí eékún. Ó la ojú. "Ṣé o ti dé?"

"Mo fi yín sílẹ̀!" Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí òkúta, ó bú sẹ́kún. "Mo lu agogo, mo sì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí."

"Mo gbọ́ ọ. Ibí ni mo wà tó fi dún." Ó mí díẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. "Mo ní, áà, akẹ́yìn ti dé orí òkè. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mọ́. A jẹ́ pé èmi náà ti dé nìyẹn. Mo bá jókòó." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Mi ò gbọ́ agogo yẹn láti ìsàlẹ̀ rí. Ó dùn létí."

"Ẹ ò bínú?"

"Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí."

Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n padà sí ilé àlejò. Amọ̀nà mi orí.

"Ibi tó kù ò jìnnà. Mi ò wá síbí kí n lè wo ẹ̀yìn rẹ nínú kùrukùru. Adágún ni mo wá wò."

Obìnrin náà mọ̀ pé ibi tó kù yẹn lè pa á. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá dá a padà, orí ibùsùn ló máa kú sí, á sì máa wo ògiri bí ẹni ń wo òkè. Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé ọkọ rẹ̀ dìde. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Amọ̀nà sílẹ̀ níbẹ̀. Amọ̀nà di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó fi ṣe ọ̀pá, obìnrin náà bọ́ sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ kan ti ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó fi èkejì gbá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn mú.

"Ibẹ̀ yẹn ló yẹ ẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí láìbojú wẹ̀yìn.

"Mo mọ̀."

Wọ́n rìn, wọ́n sinmi, wọ́n tún rìn. Ara wá rọ okùn, ara rọ adìẹ. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, Amọ̀nà lọ sí ìdí òkúta tó ti máa ń dúró sí látọjọ́, ó gbára lé e. Kùrukùru ti fọ́nká. Adágún náà tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń dán, ọkọ̀ ọmọ wọn sì wà létí rẹ̀, ó kéré bí ẹyọ ẹ̀wà. Amọ̀nà wò ó pẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"O mọ òfin," ló wí nígbà tó yá.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Aṣíwájú á kọ́kọ́ dé, á dúró. Kò ní lọ láìjẹ́ pé akẹ́yìn dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi ni màá kọ́kọ́ dé. Kò ní pẹ́ mọ́, o mọ̀. Máa rọra bọ̀ o. Má tìtorí pé mò ń dúró kó o wá máa sáré. Ẹni tó bá ń kán akẹ́yìn lójú, òun ló ń ṣe é léṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró dè ẹ́, mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa."

Obìnrin náà sunkún, kò pa á mọ́ra. "Ẹ ṣáà máa dúró. Ẹ má ṣe fún mi bí mo ṣe ṣe fún yín lónìí."

"Ṣé mo fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lórí òkè rí?"

"Rárá o."

"Ó yá, lu agogo. Òtútù ń mú mi, ọmọ sì ń retí wa."

Ó gbé àtàǹpàkò lé agogo. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ìró náà lọ sórí àpáta, ó padà wá. Amọ̀nà dúró de èkejì, kò gbọ́ ọ. Ó yíjú padà.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Màá lu ìyẹn nígbà tí mo bá dé bá yín lọ́hùn-ún."

Amọ̀nà wò ó, ó mi orí pé ó dára. Ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, òun níwájú, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn.