Odídẹ Oníkùn Ọsàn ní Irà Tarrin

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Nerida Pascoe ti gbé kéèkì sínú bùútù ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bi í pé ta ló ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ìtanràn ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi da tíì sára aṣọ, nítorí ó mọ òfin Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Ẹ̀dá Ìgbẹ́ ti Tarrin: ẹni tó bá pe orúkọ ẹyẹ kan síta, tí ẹyẹ náà wá jẹ́ òmíràn, kéèkì ni yóò fi bẹ ẹgbẹ́. Obìnrin yìí kò tíì jáde nílé, ó ti san ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tíì dá.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ìgbà òtútù méjì tẹ̀léra ni Nerida ti pariwo odídẹ oníkùn ọsàn, ẹyẹ tó ń ti erékùṣù Tasmania fò kọjá òkun wá jẹ èso ewéko oníyọ̀ létí omi wa, tó sì ti ṣọ̀wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ti darúgbó sẹ́nu wíwá a. Ìgbà méjèèjì, odídẹ alápá aró ló jẹ́, ìbátan rẹ̀ tó wà káàkiri. Ikùn ló tàn án jẹ. Àwọn alápá aró kan náà máa ń ní àwọ̀ ọsàn díẹ̀ níkùn, ṣùgbọ́n orúkọ ẹyẹ ti sọ pé ikùn, ikùn náà ni gbogbo ẹni tuntun máa ń tẹjú mọ́.

Láti ìgbà náà ni Mervyn Crouch ti ń pè é ní Ìyá Oníkùn. Kò sí ẹni tó mọ ẹyẹ tó Mervyn nínú ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tó rorò tó o. Òun ló da ìpè Nerida nù lẹ́ẹ̀mejèèjì, níṣojú gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, baba àgbà yìí fúnra rẹ̀ ti ń wá oníkùn ọsàn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, kò fojú kàn án rí. Ohun kan ṣoṣo ni Nerida ń fẹ́ ní ìgbà òtútù yìí: kó pe ẹyẹ náà, kí ìpè rẹ̀ dúró, kó sì jẹ́ Mervyn gan-an ni yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n pé sétí irà, Beryl Ostrowski, ìyá arúgbó tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá, tún òfin kejì sọ fún wọn. Ẹni méjì ni yóò rí ẹyẹ kí wọ́n tó kà á sí. Àwọn méjèèjì lè pe orúkọ ẹyẹ, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ bára wọn sọ àmì tí wọ́n rí lára rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò wá sọ tirẹ̀ fún òun ní kọ̀rọ̀, kí ẹnì kan má baà fi ọ̀rọ̀ sí èkejì lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fi Nerida ti Mervyn. Mervyn wojú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n bu egungun fún dípò ẹran.

Afẹ́fẹ́ òkun ń gé etí. Bàtà òjò wọn ń rì sínú ẹrẹ̀, Nerida sì gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ lókèèrè kọ́ èjìká. Mervyn kò dákẹ́.

"Ìyá Oníkùn, tó o bá rí nǹkan kan lónìí, wo orí, wo apá, wo ẹsẹ̀. Fi ikùn sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá."

Nerida ní òun ti gbọ́. Ó ti kọ́ ọ sórí jálẹ̀ ọdún, kò kàn fẹ́ kí Mervyn mọ̀ ni.

Níbi tí ewéko oníyọ̀ ti pọ́n lẹ́bàá omi, agbo odídẹ kan ń jẹun nílẹ̀. Nerida na awò sí wọn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Alápá aró. Alápá aró. Alápá aró. Ó dé orí ìkẹta láti ẹ̀yìn, àyà rẹ̀ já. Àwọ̀ eléyìí tutù yọ̀yọ̀ bíi ti koríko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Aró tó wà létí apá rẹ̀ kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹyẹ náà gbẹ́sẹ̀, òrùka pupa sì hàn lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, irú èyí tí wọ́n ń fi sẹ́sẹ̀ àwọn oníkùn ọsàn tí wọ́n sìn dàgbà kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Inú Nerida dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí, àbí ojú náà ló tún ń tàn án jẹ? Ó fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, tí ẹyẹ bá lọ ńkọ́?

Mervyn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń da tíì láti inú fíláàsì.

"Mervyn," ó rọra pè é. "Oníkùn ọsàn."

"Mo ti rí kéèkì ẹ nínú bùútù."

"Mo mọ̀. Wá wò ó."

Mervyn mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú sí awò. Ó pẹ́ nídìí awò. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kò mọ̀. Lójijì ni àwòdì kan rá bàbà kọjá lórí irà, agbo odídẹ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fò gba orí òkìtì iyanrìn lọ.

Nerida la ẹnu. Mervyn na ọwọ́ dá a dúró láìwò ó. Òfin ni. Àwọn méjèèjì wá ń yára padà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, ọ̀rọ̀ kún wọn lẹ́nu, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́.

Ọ̀gá kọ́kọ́ mú Nerida lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Nerida ròyìn àwọ̀, ó ròyìn apá, ó ròyìn òrùka. Ọ̀gá ní ikùn ńkọ́. Nerida ní òun ò wo ikùn. Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ránṣẹ́ pe Mervyn. Àwọn yòókù ti ń gba ọ̀nà gbogbo dé, ìròyìn ti ta sí wọn létí, wọ́n ń bi Nerida léèrè, kò gbọ́ ìkankan. Ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn.

Nígbà tí Ọ̀gá àti Mervyn jáde, Ọ̀gá ní ẹlẹ́rìí kan péré ni òun ní, ẹgbẹ́ kò lè kà á sí. Ara Nerida gbóná lójú ẹsẹ̀, ó kọjú sí Mervyn.

"Kí lo sọ fún wọn?"

Mervyn ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Òótọ́ ni mo sọ. Mo rí àwọ̀ yẹn, omijé sì gba ojú mi. Mi ò rí apá, mi ò rí ẹsẹ̀. Ọ̀gá ní kí n sọ ohun tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, mi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi wá a, ìgbà tó dé tán ni mo wá ń sunkún bí ọmọdé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nerida wá ìbínú rẹ̀ títí, kò rí i mọ́.

"Àmọ́ òun ni," Mervyn ní. "Bí wọn ò bá kà á, kí wọ́n má kà á. Òun ni, ìwọ lo rí i." Ó wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, kí ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dé eyín Nerida. Bó bá sọ ọ́, Mervyn kò ní lè ṣe ẹlẹ́rìí ẹyẹ yẹn mọ́ láé. Ó gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé e kọ́ Mervyn léjìká.

"Mi ò ní sọ fún ẹ," ó ní. "Nu ojú ẹ, ká lọ wò ó."

Mervyn ti ń sáré lọ sọ́nà òkìtì iyanrìn kí Nerida tó sọ̀rọ̀ tán, gbogbo ẹgbẹ́ sì tú tẹ̀lé e.